Ojú Monet: ohun tí kátáráàtì ṣe sí àwòrán òṣíbàtà, àti ohun tí kò ṣe

Afárá onígi kan wà nínú ọgbà Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, ní Giverny, abúlé kékeré kan láàárín Paris àti Rouen. Ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ lórí adágún tí Monet ní kí wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn tó ra ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1893. Ní 1899 ó ya afárá yìí léraléra, ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà sì wà ní National Gallery ní London lónìí. Èèyàn lè fi ojú tọ igi afárá náà láti etí kan dé èkejì. Òṣíbàtà tò sórí omi ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ ló sì gba gbogbo ojú kánfáàsì náà.

Láàárín 1918 sí 1924 ó tún padà sí ìdí afárá kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, afárá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Pupa bí irin tó dípẹtà, ìyeyè tó ń jó bí iná, àwọ̀ ewé tó ṣú dùdù, gbogbo wọn lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn inú igbó, ọ̀dà sì nípọn lórí aṣọ débi pé òjìji rẹ̀ hàn. Ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè búra pé ẹlòmíràn ló yà á. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán yìí wà ní ilé àkójọ Marmottan ní Paris, ọ̀kan sì wà ní ilé àkójọ MoMA ní New York.

Ohun tó wà láàárín ìgbà méjèèjì ni ogún ọdún, ikú ìyàwó àti ọmọ, ogun kan, àti kátáráàtì, àìsàn tó ń mú ojú di bàìbàì, nínú ojú méjèèjì. Kátáráàtì ni gbogbo ayé máa ń di mọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ti fẹ̀ ẹ́ dé ibi pé ojú tó bàjẹ́ ló bí gbogbo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Impressionist, ẹgbẹ́ tí Monet wà nínú rẹ̀. Kò gba àríyànjiyàn púpọ̀ láti fi hàn pé ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Ní 1872 ni Monet ya ìyọjú oòrùn ní èbúté Le Havre, àwòrán tí wọ́n ti fa orúkọ ẹgbẹ́ náà yọ nígbà tí wọ́n gbé e kọ́ ní 1874. Kò tíì ju ẹni ọdún 32 lọ nígbà tó yà á, ojú rẹ̀ sì mú ṣáṣá. Nǹkan bí ọdún 40 lẹ́yìn náà ni dókítà tó sọ orúkọ àìsàn ojú fún un. Ti àwọn àwòrán ìgbẹ̀yìn ló gba sùúrù, nítorí a ní láti mọ ọdún wo, ojú wo, àti awò ojú wo.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹyinjú

Lẹ́yìn ọmọlójú ni léńsì wà, ohun kékeré kan tó mọ́ gaara bí omi òjò, tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ẹ̀yìn ojú. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àárín rẹ̀ ń le, ó ń pọ́n, ó sì ń di bàìbàì. Irú èyí tó mú Monet ni ó máa ń di ìyeyè kó tó wá di àwọ̀ ilẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n rọ àgbo sínú ìgò kan, tí èèyàn wá ń wo ayé láti inú ìgò náà. Àwọ̀ aró àti elése àlùkò ni ìgò yẹn máa ń kọ́kọ́ dí lọ́nà. Pupa àti ìyeyè ń kọjá. Funfun di ìyeyè, aró tó jinlẹ̀ di dúdú, ewé tó ṣú àti elése àlùkò kò sì yàtọ̀ síra mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá sì ráyè wọlé ń fọ́n káàkiri nínú ojú, nítorí náà oòrùn ọ̀sán gangan di ọ̀tá.

Láti nǹkan bí 1908, lásìkò ìrìn àjò rẹ̀ sí Venice, ni àmì àkọ́kọ́ ti ń yọjú. Ní 1912 àwọn dókítà sọ fún un pé ojú méjèèjì ni, èyí tó wà lápá ọ̀tún ló sì le jù. Iṣẹ́ abẹ ni ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo. Monet kọ̀ jálẹ̀. Georges Clemenceau, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn kó tó di òṣèlú, tó sì tún wá di olórí ìjọba Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, rọ̀ ọ́ títí, ó ti.

Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ti ojo. Ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Mary Cassatt, ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Faransé, wọ́n sì fi abẹ kan ojú tirẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láìrí àǹfààní kan. Honoré Daumier tó ṣáájú wọn náà kò rí ìtura gbà. Fún ẹni tí ojú jẹ́ irinṣẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ojú bàìbàì sàn ju kí ó má ríran rárá. Alice ìyàwó rẹ̀ ti kú ní 1911, ọmọ rẹ̀ Jean kú ní 1914, ogun sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi sún un síwájú, ọdún mẹ́wàá yẹn náà ló sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó tóbi jù láyé rẹ̀: àwọn kánfáàsì òṣíbàtà tó ga tó mítà méjì, tí wọ́n gbé sórí ìdúró onítáyà nínú ilé iṣẹ́ tuntun kan tó kọ́ nítorí wọn nìkan. Blanche, ọmọ tí Alice bí fún ọkọ àkọ́kọ́, tó tún jẹ́ opó Jean, ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà náà lọ.

Bí ẹni tí kò rí àwọ̀ dáadáa ṣe ń kun ọ̀dà

Àwọn ọ̀dà tí Monet ń lò kò pọ̀. Nínú lẹ́tà kan ní 1905 ó ka ìwọ̀nba: funfun òjé, ìyeyè cadmium, pupa vermilion, pupa madder tó jinlẹ̀, aró cobalt, àti àwọ̀ ewé emerald. Ó tán. Dúdú kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀dà mẹ́fà péré lè tò wọ́n sórí pátákó ìpo ọ̀dà ní ipò kan náà lójoojúmọ́, kí ọwọ́ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà kódà bí ojú kò bá mọ̀ ọ́n. Ohun tí Monet ṣe gan-an nìyẹn. Nígbà tí ojú rẹ̀ burú sí i, ó ń ka orúkọ tó wà lára túùbù ọ̀dà, ó sì ń gbẹ́kẹ̀ lé ètò tó ti mọ́ ọn lára. Ó ń dé fìlà koríko olétí gbòòrò nítorí oòrùn, ó sì ń yẹra fún ọ̀sán. Ó ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn pé pupa ti di ẹlẹ́rẹ̀ lójú òun, pé òun kò rí àwọn àwọ̀ tó rọra ń jìn mọ́.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àlàyé ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á ní ojú rẹ̀ pọ́n, ìdí nìyẹn tí àwòrán rẹ̀ fi pọ́n. Ẹ rò ó wò. Bí èèyàn bá ń wo òdòdó láti inú ìgò àgbo, inú ìgò àgbo kan náà ló ti ń wo ọ̀dà orí pátákó rẹ̀. Bí ó bá pò ọ̀dà títí tó fi jọ òdòdó lójú tirẹ̀, yóò jọ ọ́ lójú tiwa náà, nítorí ìdíwọ́ kan náà ló wà lórí àwọn méjèèjì. Ojú pípọ́n nìkan kò lè pọ́n àwòrán.

Ohun tó fa ìyípadà wà níbòmíràn. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ọ̀dà tó yàtọ̀ pátápátá ti jọra lójú rẹ̀. Bí aró àti ewé tó ṣú bá di ohun kan náà, kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ó ti ṣi ọ̀kan mú. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù: ní kété tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ara túùbù àti ìrántí yan ọ̀dà dípò ojú, ìbáramu òdòdó àti ọ̀dà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti já. Ó ń kun ohun tó mọ̀, kì í ṣe ohun tó ń rí. Lẹ́yìn náà, nítorí pé ohun gbogbo ti ṣì lójú rẹ̀, àwọ̀ tó bá lágbára nìkan ló lè rí mọ́ lórí aṣọ, nítorí náà ó ń fi kún un, ó tún ń fi kún un.

Ohun kan tí àwọn tó ń kọ nípa ojú rẹ̀ kì í sábà mẹ́nu bà ni pé afárá náà fúnra rẹ̀ ti yí padà. Lẹ́yìn 1899, Monet fi férémù sí orí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí wisteria, òdòdó tó ń fà bí iṣu, bò ó. Afárá gbọọrọ ti 1899 kò sí níbẹ̀ mọ́ fún ẹnikẹ́ni láti yà. Nínú ìdàrúdàpọ̀ tí a ń rí nínú àwòrán 1920, díẹ̀ jẹ́ ti ojú, díẹ̀ jẹ́ ti ewé gidi.

Oṣù Kẹsàn-án 1922

Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ Dókítà Charles Coutela ní Paris, ojú ọ̀tún kò mọ̀ ju pé ìmọ́lẹ̀ wà àti ibi tó ti ń bọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ojú òsì: ohun tí ojú pípé lè rí láti mítà 60, ó di mítà 6 kí Monet tó rí i. Ojú yìí ló fi ń ṣe àwọn àwòrán ńlá. Coutela kọ́kọ́ fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú láti mú ọmọlójú òsì fẹ̀. Àárín léńsì ló dí jù, nítorí náà bí ọmọlójú bá fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Inú Monet dùn gan-an fún ìgbà díẹ̀, ó tilẹ̀ rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ọmọlójú tó fẹ̀ tún ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́n káàkiri pọ̀ sí i, léńsì kò sì yéé dí. Oògùn yẹn kò lè pẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tó ń lé e. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà ló fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò fi àwọn òṣíbàtà ńlá náà ta orílẹ̀-èdè Faransé lọ́rẹ, ìlérí tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 1918, ọjọ́ kejì tí ogun parí, nígbà tó kọ̀wé sí Clemenceau. Kò lè fi wọ́n sílẹ̀ láìparí, kò sì ríran tó láti parí wọn.

Abẹ

Ojú ọ̀tún ni wọ́n gbà láti ṣe. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu: bí ó bá bàjẹ́, kò sí ohun púpọ̀ tó sọnù. Oṣù Kìíní 1923 ni, ní ilé ìwòsàn kan ní Neuilly lẹ́bàá Paris, Monet sì ti pé ẹni ọdún 82. Ìgbésẹ̀ méjì ni Coutela pín in sí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gé díẹ̀ kúrò lára awọ aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká, kí ọ̀nà lè là fún ohun tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó la etí òkè awọ dídán iwájú ẹyinjú, ó ya àpò tí léńsì wà nínú rẹ̀ níwájú, ó sì ti kókó líle àárín rẹ̀ jáde. Ẹ̀yìn àpò náà ló fi sílẹ̀ sínú ojú.

Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í sábà rán ojú abẹ bẹ́ẹ̀. Ara ni yóò fúnra rẹ̀ di í, nítorí náà aláìsàn kò gbọ́dọ̀ mira. Bí ó bá wúkọ́, bí ó bá bì, bí ó bá fi agbára yí orí, ojú abẹ lè ṣí kí omi inú ojú dà jáde. Monet bì. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọrọgbọrọ láìsí ìrọ̀rí, wọ́n fi àpò yanrìn há orí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n fi báńdéèjì bo ojú. Ó gbìyànjú láti fa báńdéèjì náà ya. Ẹni tó bá mọ ìwà rẹ̀ kò ní ṣe kàyéfì; ọkùnrin tó máa ń fi ọ̀bẹ ya kánfáàsì tirẹ̀ bí inú bá bí i kò ní dùbúlẹ̀ bí òkú lọ́jọ́ mẹ́wàá.

Abẹ yìí kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò parí. Ẹ̀yìn àpò tí wọ́n fi sílẹ̀ nípọn, ó sì di bàìbàì, ohun tó wọ́pọ̀ nínú irú iṣẹ́ abẹ yìí títí dòní. Ní oṣù Keje 1923 Coutela tún fi abẹ lu ihò sí i láàárín. Kí ó tó ṣe é, Monet ti kọ lẹ́tà ìbínú sí i pé ì bá sàn kí òun má gbà rárá.

Awò ojú, àti ayé tó di aró

Ẹyinjú tí wọ́n yọ léńsì inú rẹ̀ kò lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ mọ́. Lónìí, wọ́n á fi léńsì àtọwọ́dá kékeré rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n 1949 ni Harold Ridley kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sí ojú aláìsàn ní London. Awò ojú tó nípọn, tó yọ láàárín bí ìsàlẹ̀ ìgò, ni wọ́n fún Monet. Irú awò bẹ́ẹ̀ ń mú ohun gbogbo tóbi ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ó ń tẹ etí ilẹ̀kùn kọ̀rọ̀, àwọn nǹkan ẹ̀gbẹ́ sì ń pòórá kí wọ́n tó tún fò jáde lójijì. Ojú ọ̀tún ń rí ayé ńlá, ojú òsì ń rí ayé kékeré, ọpọlọ kò sì lè so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ojú yóò sọ pé ìyẹn nìkan tó láti mú èèyàn kọ awò náà sílẹ̀. Ojútùú tí wọ́n rí ni kí wọ́n bo ojú òsì pátápátá.

Àwọ̀ wá ni ìyọnu tó kù. Ní àkọ́kọ́ Monet ṣàròyé pé ìyeyè ti pọ̀ jù, lẹ́yìn náà pé ohun gbogbo ti di aró, pé òun kò rí pupa tàbí ìyeyè mọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ti lo ọdún tó lé ní mẹ́wàá láti ṣàtúnṣe fún ìgò àgbo. Wọ́n yọ ìgò náà lójijì, àtúnṣe rẹ̀ sì kù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, léńsì ẹni tára rẹ̀ le pàápàá máa ń dá díẹ̀ dúró nínú ìmọ́lẹ̀ aró àti elése àlùkò, nítorí náà ojú tí kò ní léńsì rárá ń gba ju ti gbogbo èèyàn lọ. Àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti sọ ọ́ di pé Monet ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀dá kankan kì í rí, pé òun ló yà sínú òṣíbàtà. Òótọ́ ni pé léńsì ló ń dí púpọ̀ nínú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ó ń wo ayé láti inú gíláàsì tó nípọn, gíláàsì náà sì ń dí díẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó wà nínú àwọn àwòrán náà tí aró lásán kò lè ṣàlàyé.

Ní 1924, ayàwòrán André Barbier mú dókítà mìíràn wá, Jacques Mawas, ẹni tó bá a wá awò Zeiss tí wọ́n fi àwọ̀ díẹ̀ sí, kí ó lè dín aró kù. Ó gbìyànjú oríṣiríṣi. Nígbà tó fi máa di ìgbà ooru 1925, lẹ́tà rẹ̀ ti yí ohùn padà, ó ń ṣiṣẹ́ tayọ̀tayọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ojú òsì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ abẹ kàn án títí ó fi kú.

Ojú wo ló ya èwo?

Ìbéèrè yìí dùn lẹ́nu, ó ṣòro ní ìdáhùn. Àwọn àwòrán ilé rẹ̀ láti inú ọgbà róòsì, 1922 sí 1924, wà ní Marmottan: àwọn kan pupa, àwọn kan aró. Ọ̀pọ̀ dókítà ojú ti kà wọ́n bí ẹ̀rí pé ojú òsì tó ní kátáráàtì ló ya àwọn pupa, ojú ọ̀tún tí kò ní léńsì ló ya àwọn aró. Ó ṣeé ṣe. Michael Marmor, dókítà ojú ní Stanford, fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ojú Monet ní 2006, ó sì fi hàn bí adágún àti afárá náà yóò ti di àwọ̀ ilẹ̀ ṣíṣú tí kò ní etí. Àfarawé yẹn sọ ohun tó ń rí. Kò sọ ohun tó fẹ́ yà.

Ìṣòro ọjọ́ ló tóbi jù. Kánfáàsì kan lè wà nínú ilé iṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú òsì ní 1919, kí ó gba ọ̀dà míì ní 1923 lábẹ́ ìyọnu aró, kí ó tún gba àtúnṣe ní 1925 pẹ̀lú awò aláwọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù sílẹ̀ ni kò fọwọ́ sí. Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló wà lára wọn. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ 1918–1924 sábẹ́ àwòrán kan, gbogbo ìtàn tí a sọ yìí ló lè wà nínú rẹ̀, ìpele lórí ìpele.

Àwọn òṣíbàtà ńlá sì fi ara balẹ̀ ju àwọn kékeré lọ, ìyẹn gan-an ló yẹ kó ya ẹni tó fẹ́ di gbogbo rẹ̀ ru àìsàn lẹ́nu. Ní 1925 Monet kọ̀wé pé òun fagi lé ẹ̀bùn náà, Clemenceau bínú débi tí ọ̀rẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Níkẹyìn kò fagi lé e mọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò ní Giverny nígbà tó wà láàyè. Ó ń tún un kùn títí. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1926. Ní oṣù Karùn-ún 1927 ni wọ́n ṣí yàrá méjì tó rí bí ẹyin ní ilé àkójọ Orangerie ní Paris: kánfáàsì 22 tí wọ́n so pọ̀ di àwòrán mẹ́jọ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí gígùn gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 100.